Bí Ọlọ́wọ́ Ọ̀tún Ṣe Lè Fi Ọwọ́ Òsì Kọ́ Ọfà Títa

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí mo bá na ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, àbàrá ló ń tẹ̀ lé e. Wọ́n á ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ọdún, mo dúró ní pápá ìtafà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ òsì yẹn náà ni mo ń bẹ̀ pé kó wá gbà mí.

Ọwọ́ ọ̀tún mi ló ya ọ̀dàlẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń ta ọfà, ọrun onígi lásán, tí kò ní ẹ̀rọ, tí kò ní awò. Nígbà tó yá, bí ẹnu ọfà bá ti ń sún mọ́ àárín àmì báyìí, ìka mi á ti tú ọsán, ìyẹn okùn ọrun, sílẹ̀ kí n tó fà á dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èmi kọ́ ni mo rán an níṣẹ́. Bí mo bá ní kí n dì í mú, gbogbo apá mi á máa gbọ̀n. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìkánjú yìí ní ìpayà ojú àmì, ó sì ti lé ọ̀pọ̀ tafàtafà kúrò nídìí eré náà. Ọ̀kan lára oògùn rẹ̀ tó ń jẹ́ ni kéèyàn yí ọwọ́ padà. Ọwọ́ òsì kò mọ iṣẹ́ náà rárá, èyí já sí pé kò mọ ìwàkiwà inú rẹ̀ náà.

Àwọn mìíràn ń yí ọwọ́ nítorí pé ojú òsì wọn lágbára ju ọ̀tún lọ, tàbí nítorí èjìká. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń tìtorí èjìká ṣe é, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà. Yíyí ọwọ́ kò fún èjìká ọ̀tún ní ìsinmi, iṣẹ́ mìíràn ló gbé fún un: òun ni yóò máa ti ọrun síwájú báyìí.

Ẹni tó ti ń fi ọ̀tún fa ọsán ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ òsì lẹ̀ ń lò láti ilẹ̀, ẹ yí ọ̀tún sí òsì nínú gbogbo ohun tí mo bá wí.

Ẹ má rò pé nǹkan àjèjì ni. Kíróníkà Kìíní 12:2 ròyìn àwọn ará Bẹ́ńjámínì tó wá bá Dáfídì, pé wọ́n lè fi ọ̀tún, wọ́n sì lè fi òsì, ju òkúta kí wọ́n sì ta ọfà. Ní ayé tiwa yìí, Károly Takács, sójà ilẹ̀ Hungary, pàdánù ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sínú ìjàm̀bá bọ́ǹbù ọlọ́wọ́ ní ọdún 1938. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òsì kọ́ ìbọn ìléwọ́ láìpariwo, ó sì gba wúrà níbi ìdíje Òlíńpíìkì ní London lọ́dún 1948 àti ní Helsinki lọ́dún 1952. Ìbọn ni tiẹ̀, àmọ́ ohun tí ọwọ́ òsì ní láti kọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ yẹ ojú wò ná

Bí ọwọ́ kan ṣe jẹ́ ọ̀gá fún èkejì, bẹ́ẹ̀ náà ni ojú. Ẹ na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá wọn ṣe ihò kékeré kan, kí ẹ sì la ojú méjèèjì wo nǹkan kan tó jìnnà láti inú ihò náà, bíi gílóòbù iná. Ẹ wá di ojú òsì. Bí ẹ bá ṣì ń rí gílóòbù náà, ojú ọ̀tún ni ọ̀gá. Bó bá pòórá, òsì ni.

Ẹni tí ojú òsì jẹ́ ọ̀gá fún ti rí ìdí tí ọfà rẹ̀ fi ń yà bàrá láti ọjọ́ yìí, yíyí ọwọ́ á sì bá a tún un ṣe. Bó bá jẹ́ ojú ọ̀tún, bíi tèmi, iṣẹ́ ṣì wà. Ìdí ọfà yóò wà lábẹ́ ojú òsì, ojú ọ̀tún ni yóò sì máa fi ẹnu rẹ̀ wá àmì. Àlàfo tó wà láàárín ojú méjèèjì tó bíi sẹ̀ǹtímítà 6, ọfà sì gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 70. Ẹ bá mi ṣírò ó: bí ẹ bá dúró ní mítà 10, ọfà yín yóò fi bíi sẹ̀ǹtímítà 80 yà sí ọ̀tún àmì. Ẹ ò ní gba bébà tí wọ́n ya àmì sí rárá.

Ẹ lè di ojú ọ̀tún nígbà tí ẹ bá fa ọsán tán. Èmi kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀, torí ó máa ń fún gbogbo ojú pọ̀. Awò ojú kan tí mi ò lò mọ́ ni mo mú, mo lẹ sẹ́lótéèpù tó ṣú díẹ̀ mọ́ jígí ọ̀tún rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń wọlé, àwòrán kò wọlé. Lẹ́yìn bí oṣù méjì ni ojú òsì gba iṣẹ́ náà, tí mo sì yọ sẹ́lótéèpù.

Ọrun tí ẹ máa lò

Ọwọ́ tó ń fa ọsán ni àwọn tó ń ta ọrun fi ń sọ ọ́ lórúkọ, kì í ṣe ọwọ́ tó dì í mú. Nítorí náà, ọrun òsì lẹ máa béèrè, èyí tí ọwọ́ ọ̀tún ń dì mú. Mo ti rí ẹni tó ra òdìkejì, tó tún lọ san owó ìfiránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ibi ìdìmú. Bí wọ́n bá gbẹ́ pẹpẹ kékeré sí i tí ọfà ń jókòó lé, ọwọ́ kan ṣoṣo ni ọrun náà wà fún. Bí ti ọwọ́ ọ̀tún yín bá ní pẹpẹ, ẹ má ṣe gbẹ́ òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ kejì, torí ibẹ̀ ni igi ti ń ru ẹrù jù, á sì ṣẹ́. Ọrun tí a fi igi kan ṣoṣo gbẹ́, tí kò ní pẹpẹ, tí ọfà ń jókòó lórí ọwọ́ ẹni, bíi ti àwọn ọdẹ ilẹ̀ wa àtijọ́, kò mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún. Ẹ kàn yí i ni.

Ọ̀rọ̀ agbára rẹ̀ ló ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn lóró. Páùn ni wọ́n fi ń wọn ọrun, nígbà tí a bá fa ọsán dé ínṣì 28. Ẹni tó ń fi ọ̀tún fa páùn 45 á rò pé òsì á fa 35. Ó lè fà á o. Èjìká á gòkè, ọrùn á wọ́, ìka á máa sá, àṣà burúkú tuntun á sì bẹ̀rẹ̀ lórí ọwọ́ tí kò tíì ní àṣà kankan. Páùn 18 sí 20 ti tó fún àgbàlagbà tó lera. Nígbà tí mo gbé tèmi jáde, ọmọ ọdún mọ́kànlá kan béèrè bóyá ti àbúrò òun ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Ẹ má lo ọfà àtijọ́ yín sí i. Ọfà máa ń tẹ̀ bí ejò nígbà tó bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrun, bí igi rẹ̀ ṣe le tó sì gbọ́dọ̀ bá agbára ọrun mu. Ọfà ọrun páùn 45 ti le jù fún páùn 20. Kò ní tẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọrun á tì í dànù. Fún ẹni tó ń fi òsì fà, apá ọ̀tún ló máa ń yà sí. Ẹ rántí pé ojú tó jẹ́ ọ̀gá náà ń yà á sí ọ̀tún. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èwo ló ń ṣe yín, ẹ bo ojú ọ̀tún pátápátá kí ẹ ta ọfà mẹ́fà. Bí wọ́n bá padà sí àárín, ojú ni. Bí wọ́n bá ṣì ń yà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ igi ọfà. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń dá ojú mi lẹ́bi lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí igi ọfà ṣẹ̀.

Awọ tó ń bo apá lọ́wọ́ ọsán bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, awọ ìka bọ́ sí òsì, apó bọ́ sí ìbàdí òsì. Bí ọfà yín bá ní ìyẹ́ mẹ́ta, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dá yàtọ̀ ni kó kọ ẹ̀yìn sí ọrun, ìyẹn ni pé kó máa wo apá ọ̀tún. Bó bá jẹ́ orí ọwọ́ ni ọfà yín ń jókòó, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ sí ọ̀tún, nítorí ẹnu ìyẹ́ máa ń ya ẹran ara bíi abẹ.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ọrun

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, rọ́bà ìdárayá nìkan ni kí ẹ lò. Ẹ dúró síwájú dígí, kí èjìká ọ̀tún kọjú sí ògiri, kí ẹ fi ọ̀tún di rọ́bà mú níwájú, kí òsì fà á wá sí igun ẹnu. Ẹ ṣe é ní ìgbà ogún láàárọ̀, ogún nírọ̀lẹ́. Ìgbọ̀nwọ́ òsì ni kí ẹ máa wò nínú dígí: ó gbọ́dọ̀ gba ẹ̀yìn lọ ní títọ́ pẹ̀lú ibi tí ọfà ìbá wà, kó má rọ̀ sísàlẹ̀. Kí ẹ sì máa ní i lára pé eegun ẹ̀yìn èjìká òsì ń rìn lọ síbi ọ̀pá ẹ̀yìn. Iṣẹ́ ẹ̀yìn ni ọrun fífà. Apá kàn ń jíṣẹ́ ni.

Ní gbogbo àsìkò yìí, ẹ fi òsì fọ eyín, ẹ fi òsì ro ọbẹ̀, ẹ fi òsì ṣí ìlẹ̀kùn. Kì í ṣe torí pé ọbẹ̀ ríro jọ ọfà títa, àmọ́ ojú ò ní tì yín mọ́ láti jẹ́ ọ̀gbẹ̀rì. Ẹ ṣáà má fi kí àgbàlagbà.

Ìdúró, àti ọwọ́ ọ̀tún tí kò fẹ́ sinmi

Èjìká ọ̀tún sí àmì, ẹsẹ̀ méjèèjì ní ìwọ̀n èjìká. Kò sí ìṣòro ńlá nínú èyí, àfi pé ẹsẹ̀ á máa fẹ́ padà síbi tó mọ̀. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà méjì sílẹ̀.

Ọwọ́ ọ̀tún ni wàhálà wà. Gbogbo ènìyàn ń ṣàníyàn nípa òsì tó jẹ́ ọ̀lẹ, wọn kì í rí ọ̀tún tó jẹ́ alákòóso. Ọwọ́ tó di ọrun mú kò gbọ́dọ̀ dì í mú ní ti gidi. Ṣe ló yẹ kí ọrun fara ti ìdí àtàǹpàkò, kí ìka yòókù rọ̀ bí ìgbà tí ọmọdé bá di ẹyẹ mú tí kò fẹ́ pa á. Ọwọ́ òsì máa ń ṣe é wẹ́rẹ́ nígbà tí iṣẹ́ náà jẹ́ tiẹ̀, torí kò lágbára láti fipá ṣe nǹkan. Ọwọ́ ọ̀tún ní tiẹ̀, tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ di òòlù mú, di àdá mú, di ìdarí ọkọ̀ mú, á gbá ọrun mú bí olè. Bó bá ti fún un, ọrun á yí díẹ̀ nígbà tí ọsán bá lọ, ọfà á yà. Ẹ̀yin á wá máa bá òsì jà pé kò jọ̀wọ́ ọsán dáadáa.

Ohun tó bá mi tán an ni pé mo mú okùn bàtà kan, mo so ó mọ́ ìka ìfábẹ̀lá àti àtàǹpàkò ọ̀tún, ó sì gba iwájú ọrun kọjá. Bí mo bá ta ọfà, mo lè la ọwọ́ pátápátá, ọrun ò ní bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀tún mọ̀ pé kò sóhun tó máa já bọ́, ó sinmi.

Kí ẹ tún yí ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún síta díẹ̀, kí kòtò inú rẹ̀ má wo òkè. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọsán á nà yín ní pàṣán, ara á sì bó.

Fífà, dídúró àti jíjọ̀wọ́

Ìka ìfábẹ̀lá lókè ọfà, ìka àárín àti ìka òrùka nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi ọsán kọ́ oríkèé àkọ́kọ́, kì í ṣe ẹnu èékánná. Nígbà tí òsì ò tíì mọ iṣẹ́, ó máa ń ká ìka lé ìdí ọfà, ọfà á sì máa yọ́ bọ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrun ṣáá. Bó bá ń ṣe yín bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn ọwọ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, kí àlàfo kékeré sì wà láàárín ìka àti ìdí ọfà.

Ẹ fà á wá títí ìka ìfábẹ̀lá á fi kan igun ẹnu lápá òsì. Mo máa ń pe ibẹ̀ ní èbúté. Ìgbà gbogbo ni ọwọ́ gbọ́dọ̀ gúnlẹ̀ síbẹ̀ kí ohunkóhun mìíràn tó ṣẹlẹ̀. Ẹ fi ahọ́n kan ibi tí eyín òkè wà lábẹ́ ìka, kí ẹ lè mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kejì.

Fún ẹni tí ìkánjú lé wá síbí, ibí yìí ni ìwòsàn wà. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá gbé ọrun, ẹ má ta ọfà kankan. Ẹ fi ọfà sí i, ẹ kọjú sí ìtí koríko, ẹ fà á dé èbúté, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ dá a padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọgbọ̀n ìgbà lóòjọ́. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé fífà kò túmọ̀ sí títa, àti pé ẹ̀yin lẹ ni àṣẹ. Títí di òní, bí mo bá ta ọfà méjì, mo máa ń fa ẹ̀kẹta kí n sì dá a padà.

Jíjọ̀wọ́ ọsán kì í ṣe ohun tí à ń ṣe, ohun tí à ń dẹ́kun láti máa ṣe ni. Bí ẹ bá la ìka, wọ́n á ta ọsán sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ kàn jẹ́ kí wọ́n rọ̀, kí ẹ̀yìn máa fà lọ, ọsán á gba ọ̀nà tiẹ̀, ọwọ́ á sì sún sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn.

Mítà mẹ́ta

Ẹ dúró ní mítà mẹ́ta sí ìtí koríko tí kò sí àmì kankan lára rẹ̀. Oṣù kan gbáko. Mo mọ̀ pé ó súni. Níwọ̀n bí kò ti sí àmì, kò sí ohun tí ìkánjú máa dì mú. Nígbà tó bá yá, ẹ máa di ojú méjèèjì lẹ́yìn tí ẹ bá ti fa ọsán tán, kí ẹ fi ara gbọ́ ohun tó ń lọ. Ọfà 30 sí 40 ti tó lóòjọ́. Bí èjìká òsì bá ti ń gòkè wá sí etí, ó ti rẹ̀ yín, ẹ gbé e jù sílẹ̀. Ohun tí ẹ bá ta nínú àárẹ̀, òun ni ọwọ́ á fi sọ́kàn.

Lẹ́yìn náà, bébà ńlá ní mítà 5, kí ẹ tó sún dé 10. Ẹ má wo bóyá ọfà wọ àárín, ẹ wo bóyá wọ́n wà papọ̀. Ọfà mẹ́fà tó ṣù jọ sí igun òkè sàn ju méjì ní àárín àti mẹ́rin káàkiri.

Ẹ ní láti ṣọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní gbogbo àsìkò yìí. Ọfà òsì lè gba ibikíbi lọ, nítorí náà kí ohun tí yóò dá a dúró fẹ̀ dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má sì wà níwájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má jọ̀wọ́ ọsán láìsí ọfà lórí rẹ̀ láé: agbára tó yẹ kó bá ọfà lọ á padà sínú igi, igi á sì fọ́ mọ́ yín lójú. Ẹ tẹ igi ọfà kọ̀ọ̀kan wò bóyá ó ti sán. Ẹ wo ọsán náà bóyá fọ́nrán kan ti já lára rẹ̀, torí àwọn àgbà ti wí i pé ọsán já, ọrun dọ̀pá.

Ìgbà wo ló máa dáa?

Ó gbà mí ní oṣù mẹ́rin kí ìtijú tó kúrò lára ọfà mi ní mítà 10, àti bí ọdún kan kí n tó padà síbi tí ọwọ́ ọ̀tún wà kó tó bàjẹ́. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, mi ò fi ọ̀tún fa nǹkan kan. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ méjèèjì lọ́jọ́ kan náà lè gbádùn ara rẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń sá fún ìkánjú á tún gbé e kọjá láti ọwọ́ kan sí èkejì.

Ní Japan, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọfà títa tí wọ́n ń pè ní kyudo, ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo ènìyàn fi ń fa ọsán, àti ọlọ́wọ́ òsì náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ọ, ó sì ń mọ́ wọn lára. Ọ̀ṣọ́ọ̀sì tiwa ńkọ́, òrìṣà ọdẹ tí wọ́n ń bọ títí dé Brazil àti Cuba? Ní Brazil, àmì ọrun àti ọfà rẹ̀ ṣì ń jẹ́ ofá títí dòní. Àwọn kan a máa túmọ̀ orúkọ rẹ̀ mọ́ ọwọ́ òsì. Mo gba ìtumọ̀ náà lọ́jọ́ tí ọfà mẹ́fà òsì kọ́kọ́ wọ inú ìwọ̀n àwo ìjẹun kan.

Bí ẹ bá fẹ́ fi kún agbára ọrun, páùn márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ti tó, kí oṣù méjì ó kéré tán sì wà láàárín. Bí ẹ bá fa tuntun dé èbúté tí ẹ ò lè ka ení dé àrún láìgbọ̀n, kò tíì yá. Ẹ padà sí ti ọmọdé.